Aṣọ Òfì Fún Ìgbéyàwó: Ìmọ̀ràn Fún Àwọn Tí Ń Rà Á Ní Ìdì-Ìdì

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀ ní ilé kan ní ilẹ̀ wa, bí a bá ti dá ọjọ́ tán, aṣọ ni ọ̀rọ̀ tí ó kàn. Kí ni ìyàwó yóò ró? Kí ni ìyá rẹ̀ yóò wé sórí? Àwọ̀ wo ni ẹbí ọkọ mú, èwo sì ni ti ẹbí ìyàwó? A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí àwọn àgbà ti wí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń bẹ tí a kì í sábà rántí títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí: Ọwọ́ ta ni ó hun aṣọ náà, ta ni ó sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó pín in fún ènìyàn?

Lórí ìbéèrè yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀. Aṣọ òfì, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní aṣọ òkè, ni a ní lọ́kàn. A kò sì kọ̀wé yìí nítorí ẹni tí ń ra gèlè kan ṣoṣo fún orí ara rẹ̀, bí kò ṣe nítorí àwọn tí ń rà á ní ìdì-ìdì. Irú ènìyàn méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ni oníṣòwò tí ń kó aṣọ láti Ìṣẹ́yìn tàbí láti ọjà Òjé ní Ìbàdàn lọ tà ní Èkó àti ní ìlú mìíràn. Èkejì ni ẹni tí ẹbí yàn láti gba owó aṣọ ẹbí jọ lọ́wọ́ ènìyàn 50 tàbí 100, kí ó sì bá wọn rà á. Bí ẹni tí ó ra ẹyọ kan bá ṣìnà, òun nìkan ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Bí ẹni tí ó ra 100 bá ṣìnà, 100 ènìyàn ni yóò wọ àṣìṣe rẹ̀ jáde ní gbangba, ayàwòrán yóò sì yà á sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ láti máa wò. Nítorí náà iṣẹ́ ìfọkàntán ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí aṣọ yìí ṣe ń di aṣọ. Òfì tí àwọn ọkùnrin ń lò láti ìgbà àtijọ́, tí obìnrin púpọ̀ pẹ̀lú sì ti ń lò lóde òní, kì í hun aṣọ gbàràmù lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni í hun, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ínṣì 4 tàbí kí ó lé díẹ̀, tí gígùn rẹ̀ sì dàbí ọ̀já. Ọ̀já náà ni a óò máa pè é nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Ahunṣọ a na òwú gígùn sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, a sì fi òkúta dí òpin rẹ̀ kí ó lè le. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ ìtẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òwú ń là sí méjì, tí ọ̀kọ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì. Lẹ́yìn gbogbo ìkọjá kan, ó di dandan kí ó gbá òwú náà mọ́ ẹgbẹ́ èyí tí ó ṣáájú. Nígbà tí ọ̀já bá gùn tó, a ó gé e, a ó sì rán etí wọn pọ̀ títí yóò fi di ìró, tàbí gèlè, tàbí agbádá.

Ẹ kíyèsí i pé inú gbígbá yìí gan-an ni dídára aṣọ ti ń wọlé, tàbí tí kò ti ní wọlé. Ahunṣọ tí ó gbá òwú dáradára yóò lo òwú púpọ̀ àti àkókò púpọ̀. Ẹni tí ó gbá a yẹpẹrẹ yóò yára parí. Lójú ẹni tí kò mọ̀, àwọn aṣọ méjèèjì jọra bí ìbejì ní ọjọ́ tí wọ́n kúrò lórí òfì. Ṣùgbọ́n kò sí aránṣọ tí ó lè fi abẹ́rẹ́ dá ohun tí a kò fi ọ̀kọ̀ sí padà, kò sì sí bí a ti lè lọ̀ ọ́ tó tí yóò di aṣọ gidi. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé ẹni tí yóò ra aṣọ òfì ní ìdì-ìdì kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí aṣọ bá parí kí ó tó lọ wò ó.

Ohun márùn-ún ni a fẹ́ kí ó máa wò.

Èkíní ni ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àlàyé. Bí ìró kan bá ní láti fẹ̀ tó ínṣì 72, tí ọ̀já kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní ínṣì 4, ọ̀já 18 ni yóò parí rẹ̀. Bí ahunṣọ bá dín ààbọ̀ ínṣì péré kù lára ọ̀já kọ̀ọ̀kan, ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rán ọ̀já 18 náà pọ̀ tán, ínṣì 63 ni a óò bá níbẹ̀. Ínṣì 9 ti lọ! Ẹni tí ó sanra nínú ẹbí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ìró rẹ̀ kò sì ní bò ó délẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìró 100 ni a rà, ínṣì 900 ni a sanwó rẹ̀ tí a kò gbà, èyí tí í ṣe ọ̀pá 25 gbáko. Nítorí náà kí olùrà mú tépù ìwọ̀n lọ́wọ́, kí ó sì wọn ọ̀já ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín, àti ní òpin, nítorí ọ̀já mìíràn a máa fẹ̀ ní orí kí ó sì sún kì ní ìdí. Kí ó wo etí rẹ̀ pẹ̀lú bí ó bá tọ́. Etí tí ó wọ́ kò ṣeé rán mọ́ èkejì rẹ̀ láìsí pé iṣẹ́ ọnà tí ó wà lára àwọn méjèèjì yóò fo ara wọn.

Èkejì ni ìhun. Kí a gbé ọ̀já náà sókè sí ojú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń là á kọjá bí ẹni pé ajọ̀ ni, a kò gbá a dáradára, àyàfi bí ó bá ṣe pé aṣọ oníhò ni a dìídì béèrè. Kí a fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kí a sì fà á díẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Òwú aṣọ rere kì í ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Ti aṣọ yẹpẹrẹ a máa là, a sì máa fi ojú sílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti ya lójú rírán ní ọjọ́ tí ìyá ìyàwó bá dìde jó. Bí a bá sì fẹ́ mọ̀ dájú, kí a ka òwú tí ó wà nínú ínṣì kan lára ọ̀já tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì ka ti inú ínṣì kan lára èyí tí a gbé wá fún wa. Òǹkà kì í ṣe ojúsàájú.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀, èyí tí ó ti dójú ti ẹbí púpọ̀. Àwọn ìyá wa aláró mọ̀ pé iṣẹ́ sùúrù ni aró èlú. Kì í yọ́ nínú omi lásán. Omi eérú ni a fi ń ṣe é nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi pé. Nígbà tí a bá ri òwú bọ̀ ọ́ tí a sì fà á jáde, àwọ̀ ewé ni a óò kọ́kọ́ rí. Afẹ́fẹ́ ni í sọ ọ́ di búlúù lójú wa. Kí ó tó dúdú bí ti ẹtù gidi, a ní láti rì í, kí a sá a, kí a sì tún rì í ní ìgbà púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń kánjú a pò aró tí ó ki, a sì rì í lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Òwú náà yóò dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òde ara rẹ̀ ni aró wà, kò wọ inú. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni í kun bùbá funfun àti ọrùn ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kí ọjọ́ tó rọ̀.

Àwọn kan rò pé aró òyìnbó ni ó ba nǹkan jẹ́. Àwọn mìíràn rò pé òun ni ó tún un ṣe. Àwọn méjèèjì kò rí òtítọ́ náà tán. Ní ọdún 1856 ni William Henry Perkin, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣèèṣì rí aró àtọwọ́dá aláwọ̀ àlùkò kan nígbà tí ó ń wá oògùn ibà. Ní ọdún 1897 sì ni ilé iṣẹ́ BASF ti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta aró búlúù àtọwọ́dá tí ó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú ewé èlú. Láti ìgbà náà wá, aró rere àti aró búburú ti wà nínú ti ìbílẹ̀ àti nínú ti òkèèrè. Ohun tí a ní láti ṣe ni kí a dán an wò. Kí a fi omi rin àkísà funfun mímọ́, kí a fi ra ojú aṣọ náà gidigidi. Kí a gé díẹ̀ nínú rẹ̀, kí a fi sínú omi ọṣẹ pẹ̀lú aṣọ funfun kékeré kan fún wákàtí kan. Bí funfun bá jáde ní funfun, kí a rà. Bí ó bá jáde ní àwọ̀ mìíràn, kí a dá a padà.

Àwọ̀ tún ní ewu mìíràn fún ẹni tí ń rà púpọ̀. A mọ ẹbí kan tí ó ní kí a hun gèlè 80 ní àwọ̀ osùn. Nígbà tí iṣẹ́ dé àárín, òwú tán. Àwọn ahunṣọ sì lọ ra òmíràn lọ́wọ́ olówùú mìíràn. Alẹ́ ni a kó aṣọ náà dé, a sì wò ó lábẹ́ iná ẹ̀lẹ́tíríkì: ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin jókòó sínú oòrùn ní ọjọ́ ìgbéyàwó, gèlè bí 50 pọ́n, ìyókù sì rí bí ẹsẹ̀ amọ̀. Àwọn àlejò ń bi ara wọn léèrè pé ẹbí méjì wo ni wọ̀nyí. Àwọn tí ó wé èyí tí kò pọ́n sì rò pé a dìídì fojú tẹ́ àwọn ni. Ìjà kékeré ti inú rẹ̀ wá. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni èyí: kí a ra gbogbo òwú tí iṣẹ́ náà yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú òwú tí a pa láró pọ̀, kí ó sì ṣẹ́kù díẹ̀, kí a má sì ṣe gba aṣọ ní alẹ́. Iná a máa tan ojú jẹ. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ẹlẹ́rìí òtítọ́ fún àwọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni orúkọ. Mẹ́ta ni àwọn aṣọ tí àwọn baba wa bu ọlá fún jù: ẹtù, tí ó dúdú nínú aró pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín bí ìyẹ́ ẹyẹ tí a fi sọ ọ́ lórúkọ, àlàárì, tí ó pupa, tí a fi òwú sílíìkì hun, èyí tí àwọn oníṣòwò gbé la aṣálẹ̀ Sahara já láti àríwá Áfíríkà, àti sányán, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí iyanrìn, tí a rí òwú rẹ̀ láti inú ilé tí àwọn kòkòrò inú igbó kan ń ran fún ara wọn. Àwọn àgbà a máa pe sányán ní baba aṣọ. Lónìí, púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní sányán jẹ́ òwú lásán tí a rẹ sí àwọ̀ iyanrìn. Láti bí ọdún 1970 síwájú ni òwú dídán, tí a ń pè ní Lurex, ti wọ inú aṣọ òfì pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún tí ó súnmọ́ wa yìí ni aṣọ tí ẹ̀rọ hun ní òkèèrè, tí a ṣe ojú rẹ̀ bí aṣọ òfì, sì ti kún ọjà.

A kò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ra èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tí agbára rẹ̀ mọ ní ti ẹ̀rọ, kí ó rà á, kí ó sì jó nínú rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a gba owó sányán kí a sì gbé òwú rírẹ̀ fún ènìyàn, tàbí kí a gba owó ọwọ́ kí a sì gbé ti ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rí wà tí a lè fi mọ̀ wọ́n. Yí aṣọ náà padà: ti ọwọ́ ní ọ̀já-ọ̀já tí ó ní etí ti ara rẹ̀, tí a sì rán pọ̀, ti ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́ odindi gbàràmù, tí ojú rírán rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn. Níti òwú, fa ẹyọ kan yọ kí o sì fi iná kàn án. Sílíìkì a máa rùn bí irun tí ó jóná, eérú rẹ̀ a sì rún lábẹ́ ìka. Òwú ìbílẹ̀ a máa rùn bí ìwé tí ó jóná. Èyí tí a fi polyester ṣe a máa yọ́, a sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle. Nítorí yíyọ́ yìí ni a kò fi gbọdọ̀ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ aṣọ òwú dídán. Kí olùrà rí i dájú pé ó wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó pín in fún.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó wúwo jù, ni owó àti àkókò. Oníṣòwò kan tí a mọ̀ lọ bá ahunṣọ àgbàlagbà kan, ó sì ná an títí iye tí baba náà dá lé ọ̀já fi dín kù ní ìdámẹ́ta. Nígbà tí ó padà wá kó ọjà, ó gbé ọ̀já kan sókè, ó sì wí pé, “Baba, èéṣe tí aṣọ yìí fi fẹ́lẹ́ báyìí? Kì í ṣe irú èyí tí ẹ fi hàn mí.” Baba náà dá a lóhùn pé, “Ìyá, ẹ má bínú. Èyí tí mo fi hàn yín, ẹ mọ iye tí mo pè é. Èyí tí ẹ gbé dání yìí, owó tí ẹ san ni mo hun.”

A kò gbóríyìn fún baba náà. Ó yẹ kí ó ti sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà, kí ó má ṣe fi sínú títí aṣọ fi parí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ohun tí ó sọ. Iye owó òwú kò sí lábẹ́ àṣẹ ahunṣọ. Bí a bá já owó rẹ̀ lulẹ̀, ibi méjì péré ni ó ti lè rí i dín: nínú òwú, tàbí nínú agbára apá rẹ̀. Olùrà tí ó bá ń ná iṣẹ́ ọwọ́ dé egungun, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ba aṣọ jẹ́.

Bákan náà ni àkókò. Kí a fi í ṣe àpẹẹrẹ pé gèlè àti ìpèlé fún obìnrin kan gba ọ̀já tí gígùn wọn jẹ́ ọ̀pá 28. Fún obìnrin 80, ọ̀pá 2,240 ni yóò jẹ́. Bí ahunṣọ kan bá ń hun ọ̀pá 8 lóòjọ́, iṣẹ́ ọjọ́ 280 ni. Bí a bá pín in fún ahunṣọ 10, ọjọ́ 28 ni wọn yóò fi jókòó sí orí òfì, láìka ọjọ́ pípa òwú láró, títa òwú, rírán, ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ àìsàn. Ẹni tí ó bá wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbéyàwó, tí ó sì ní dandan ni, ohun tí ó ń béèrè ni pé kí a gbá òwú yẹpẹrẹ. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì pín sí ọwọ́ mẹ́wàá, ọwọ́ mẹ́wàá kì í gbá òwú bákan náà. Òmíràn lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Kí a kọ́kọ́ hun ọ̀já kan ṣe àpẹẹrẹ, kí olùrà àti ọ̀gá ahunṣọ jọ fọwọ́ sí i, kí a sì gé e sí wẹ́wẹ́: ọ̀kan fún olùrà, ìyókù fún òfì kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ náà yóò dé. Kí a kọ àdéhùn sínú ìwé, bí ó ti wù kí ó kúrú tó: fífẹ̀, gígùn, iye ọ̀já, irú òwú, ọjọ́ tí a óò gbà á, àti ẹni tí yóò ru òfò bí kò bá dọ́gba. Kí a san owó òwú ṣáájú, kí ahunṣọ má baà fi owó ẹlòmíràn ra tiwa. Kí olùrà lọ wò ó nígbà tí ọ̀já àkọ́kọ́ bá kúrò lórí òfì, nígbà tí àtúnṣe kò tíì di ìjà. Ní ọjọ́ tí yóò gbà á, kí ó tú ìdì, kí ó sì fa ọ̀já láti àárín àti láti ìsàlẹ̀, nítorí gbogbo ayé ni í to èyí tí ó dára sí òkè. Èyí tí kò bá dọ́gba, kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a padà, kí ó sì san owó èyí tí ó dára ní kíkún lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó lè dàbí ẹni pé wàhálà yìí pọ̀ jù fún aṣọ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó síwájú. Bí aṣọ tí a gbá dáradára àti èyí tí a gbá yẹpẹrẹ bá ń gba iye kan náà lọ́jà, kí ni yóò mú kí ọ̀gá ahunṣọ máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní èyí tí ó pẹ́ tí ó sì nira? Yóò kọ́ ọ ní èyí tí ó yá. Ọmọ iṣẹ́ náà yóò di ọ̀gá, yóò sì kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí ó mọ̀. Nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ tán, a lè kó owó jọ bí òkè, kí a má sì rí ẹni tí yóò hun ún fún wa. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa oníṣòwò, àti ẹ̀yin tí ẹbí fi owó wọn lé lọ́wọ́, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ san iye tí ó tọ́, kí ẹ sì mú tépù ìwọ̀n dání. Aṣọ òfì tí a hun bí ó ti yẹ a máa wà nínú àpótí ju ẹni tí ó rà á lọ. Ọmọbìnrin tí kò tíì bí lónìí ni yóò tú u ní ọjọ́ kan, yóò fi ọwọ́ pa á, yóò sì mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, bóyá ẹni tí ó rà á bìkítà tàbí kò bìkítà.